Ààwẹ̀ Tí N Kò Gbà

Ọmọ mi, Fúláwà mi, ọdún márùn-ún pé lónìí tí ọwọ́ rẹ ti kúrò nínú ìyẹ̀fun. Ọdún márùn-ún! Ààrò tí o fi sílẹ̀ ń jó bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, ooru rẹ̀ ń kàn mí lẹ́sẹ̀ níbi tí mo jókòó sí. Ìwé tí mo mọ̀ kò ju kí n máa tọ ọ̀rọ̀ inú Bíbélì olójú ńlá lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n sì kọ orúkọ ara mi, nítorí náà ọmọ rẹ ló di bírò mú. Mo ti kìlọ̀ fún un pé bí mo bá ṣe sọ ọ́ ni kó kọ ọ́, kó má bá mi fi ṣúgà sí i. Ó ti ń rẹ́rìn-ín báyìí. Ẹ̀rín rẹ ni. Àlàfo eyín iwájú rẹ náà ni.

O lọ! O lọ lóòótọ́. Ọmọ tó yẹ kó sin mí ni mo bá wọn sin. N kò ní purọ́ fún ọ lọ́jọ́ òní pé ó ti tán lára mi. Kò tán. Ṣùgbọ́n mo dìde láàárọ̀ yìí, mo wẹ̀, mo wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì mi aláwọ̀ aró, mo wá jókòó níwájú ààrò rẹ. Mo dìde. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ kò ju ìyẹn lọ, àmọ́ o mọ̀ mí, n kì í ti ẹnu ọ̀nà iwájú wọnú ọ̀rọ̀, ẹ̀yìnkùlé ni mo máa ń gbà.

Kí n kọ́kọ́ ròyìn ilé fún ọ. Ilé búrẹ́dì kò tì o! Àwọn tó ní yóò tì ti ń wá ra búrẹ́dì níbẹ̀. Tábìlì tí o fi ń po ìyẹ̀fun, èyí tó ń mì lẹ́sẹ̀ kan, káfíńtà ti bá wa fún un ní ẹsẹ̀ tuntun. Fèrèsé ẹ̀yìn tí o fi páálí dí, a ti fi gíláàsì sí i, oòrùn àárọ̀ ń wọlé wá bá àwọn páànù. Yàrá òkè tí o bẹ̀rẹ̀, a ti parí rẹ̀, ibẹ̀ ni ọmọ rẹ ń sùn. Ọmọ rẹ! Ọmọdébìnrin tí o fi sílẹ̀ pẹ̀lú báàgì ilé ìwé lẹ́yìn, òun ló ń pàṣẹ fún géńdé níhìn-ín báyìí. Bó bá ti so aṣọ mọ́rí, tó fọwọ́ lé ìbàdí, tó ní, "Ta ló ṣí ilẹ̀kùn ààrò yìí sílẹ̀? Ṣé afẹ́fẹ́ ìta lẹ fẹ́ bá wa yan ni?", àyà mi á já, màá rò pé ìwọ lo dé. Àwọn òṣìṣẹ́ náà á sì sáré bíi pé ìwọ ni.

Ṣé o rántí òfin ilé yìí? Ìwọ lo ṣe é. Búrẹ́dì kankan kò gbọdọ̀ dé orí káńtà kí n tó tọ́ ọ wò. O máa ń mú èyí tó kọ́kọ́ jáde nínú ààrò, tí o ń pè ní àkọ́yọ, wàá fi ọwọ́ bù ú, kì í ṣe ọ̀bẹ, o ní ọ̀bẹ máa ń purọ́ fún àárín búrẹ́dì. Wàá fẹ́ atẹ́gùn sí i, wàá na ìdajì sí mi: "Màámi, ẹ bá mi dájọ́." Èmi náà á rọra máa jẹ ẹ́, màá fajú ro bí adájọ́, màá fi ọ́ sílẹ̀ kí àyà rẹ já díẹ̀, kí n tó ní, "Gbé e jáde." Lọ́jọ́ tí mo bá ní iyọ̀ rẹ̀ kò tó, wàá ní ogbó ló dé sí mi láhọ́n. Aláìnítìjú! O kò ní gbà, ṣùgbọ́n wàá fi iyọ̀ kún ti ọjọ́ kejì.

Nígbà tí àìsàn gbé ọ lọ, ahọ́n mi bá ọ lọ.

N kò mọ bí n óò ṣe sọ ọ́ kó yé ọ. Kì í ṣe ẹkún. Ẹkún ì bá dára. Àwọn àgbà ní à ń sunkún, à ń ríran. Èmi kò sunkún, n kò sì ríran. Mo ń jí láàárọ̀, ara mi á wúwo bí àpò fúláwà tí òjò pa. Oúnjẹ dé ẹnu mi, ó di òwú. Ẹni tó bá kí mi, bíi pé láti òdìkejì odò ló ti ń kí mi. Mo kúnlẹ̀ láti gbàdúrà, mo ní, "Olúwa," ọ̀rọ̀ tó kàn kò wá. Màá wà lórí ìkúnlẹ̀ títí orúnkún á fi máa ro mí, "Olúwa" yẹn nìkan náà ni. Ọmọ rẹ wà níwájú ilé tó ń fi ọkàn tó gbọgbẹ́ po ìyẹ̀fun. Lójoojúmọ́ ló ń gbé àkọ́yọ wọlé wá bá mi, "Màmá àgbà, ẹ bá wa dájọ́," lójoojúmọ́ ni mo ń kọjú sí ògiri.

Ibi kan ṣoṣo tí ẹsẹ̀ ṣì ń gbé mi lọ ni ṣọ́ọ̀ṣì. Má rò pé ìgbàgbọ́ ńlá kan ni. Ẹsẹ̀ ti mọ ọ̀nà ni. Mo ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀bá òpó, níbi tí àwa méjèèjì máa ń jókòó sí. N kò mira, n kò sọ̀rọ̀, n kò kọrin. Bí ẹgbẹ́ ìyá bá gbé oúnjẹ wá lẹ́yìn ìsìn, n kò fọwọ́ kàn án.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. O mọ Olórí Àwọn Ìyá, ẹni tó máa ń kí ènìyàn bíi pé adití ni gbogbo wa. Ó wò mí títí. Ó wo abọ́ tí mo dá padà, ó wo bí ọrùn mi ṣe gbẹ, ó sì pàtẹ́wọ́: "Haa! Ẹ ò rí nǹkan! Ìyá oníbúrẹ́dì ń gbààwẹ̀! Obìnrin tí ọmọ rẹ̀ kú, kò bá Ọlọ́run bínú, ààwẹ̀ ló gbé lé ara rẹ̀!" Ni gbogbo ìjọ bá gbà á bẹ́ẹ̀. N kò sọ pé mo ń gbààwẹ̀. N kò sọ pé n kò gbà. Ẹnu mi wúwo ju kí n máa bá ènìyàn jiyàn lọ. Kó o tó ṣẹ́jú, mo ti di Ìyá Aláàwẹ̀.

Èmi! Èmi tí o máa ń ká mọ́ ẹ̀yìn àpò fúláwà tí mo ń jẹ búrẹ́dì oníṣúgà lọ́jọ́ tí gbogbo ìjọ ń gbààwẹ̀! Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ wá sílé. Ẹni tó ń wá ọkọ, ẹni tó ń wá iṣẹ́, bàbá kan tí ajá rẹ̀ sọnù. Wọ́n á kúnlẹ̀ lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì mi, wọ́n á ní kí n gbọ́wọ́ lé àwọn lórí. Bí n kò bá fèsì, wọ́n á ní mo wà nínú ẹ̀mí. Bí mo bá kẹ̀yìn sí wọn, wọ́n á ní Ọlọ́run ń fi nǹkan hàn mí lára ògiri. Ajá bàbá yẹn sì padà wálé, ọmọ mi. Ajá ọ̀hún padà wálé! Ìyẹn gan-an ló bà á jẹ́ pátápátá.

Ó tún kù. Àwa la ṣì ń yan búrẹ́dì Oúnjẹ Olúwa fún ìjọ, bí o ṣe ń ṣe é. Ní àárọ̀ ọjọ́ ìsinmi kan, ọmọ rẹ gbàgbé iyọ̀. Ó ti rẹ̀ ẹ́, kò sì sí ẹni tó máa bá a tọ́ ọ wò. Búrẹ́dì tó tẹ́ bí omi òjò ni wọ́n gbé dé orí tábìlì Olúwa. Ìjọ jẹ ẹ́, wọ́n ń wo ojú ara wọn. Èmi náà gbé tèmi mì, n kò mọ nǹkan kan. Iyọ̀ wà o, iyọ̀ kò sí o, òwú ni gbogbo rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó lanu, Olórí Àwọn Ìyá ti sọ ọ́ ní àṣírí fún ẹni tó jókòó tì í, ìyẹn ni pé gbogbo ìjọ gbọ́: "Ìyá Aláàwẹ̀ ló ní kí wọ́n yọ iyọ̀. Àṣẹ òkè ni." Ọmọ rẹ gbọ́. Ẹ̀rù bà á, ó pa ẹnu mọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni onídìrí tó ń gbé lójúlé kejì sí wa wọlé tọ̀ mí wá, ọmọ ọmú wà lẹ́yìn rẹ̀. O mọ̀ ọ́n dáadáa, òun ló máa ń di irun fún ọ, tí yóò gbàgbé orí rẹ sọ́wọ́ bó bá ti ń sọ ìtàn ọkọ rẹ̀ tó ń wakọ̀. Kò sọ ìtàn kankan lọ́jọ́ náà. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì mi. Irun tirẹ̀ gan-an rí wúruwùru, kò sí ẹni tó bá a dì í.

Ó ní, "Màmá, mo ti bẹ̀rẹ̀ tèmi náà."

Mo ń wo ògiri.

Ó ní, "Ààwẹ̀ ọ̀hún ni mò ń sọ, mà. Látìgbà tí mo ti bí ọmọ yìí, oúnjẹ ò wù mí, ènìyàn ò wù mí. Ọmọ gan-an, kí Ọlọ́run má bínú, mo máa ń wò ó bíi pé ọmọ aládùúgbò ló gbàgbé sọ́dọ̀ mi. Mo ti ń rò pé nǹkan ń ṣe mí. Ìgbà tí mo wá gbọ́ nípa yín ni ọkàn mi balẹ̀. Mo ní, àṣé bí àwọn ẹni Ọlọ́run ṣe ń rí nìyí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi bí ẹ ṣe ń ṣe é tó fi ń pẹ́. Ọmú mi ti ń gbẹ, àmọ́ mo mọ̀ pé ìdánwò ni."

Ni ọmọ náà bá ké lẹ́yìn rẹ̀. Ẹkún ọmọ tí ebi ti pa tí kò lókun àtisun ún mọ́, tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú abẹ́rẹ́. Mo wo ìyá, mo wo ọmọ. Mo rí ìwọ nínú ìyá, mo rí ọmọ rẹ nínú ọmọ. Wọ́n ní ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi rí pé bí èmi bá dákẹ́, ti ẹlòmíràn náà lè bá a dákẹ́.

Mo dìde jókòó. Ohùn mi jáde bí ilẹ̀kùn tó ti dípẹtà: "Ta ló sọ fún ọ pé mo ń gbààwẹ̀?"

"Gbogbo ìjọ ni, mà."

"Irọ́ ni. N kò gba ààwẹ̀ kankan. Oúnjẹ ni kò lọ. Ara mi ni kò yá, ọmọ mi. Ara tìrẹ náà kò yá. Ohun tó ń ṣe wá yìí, Ọlọ́run kọ́ ló rán an níṣẹ́."

Ó lanu sílẹ̀. "Ajá bàbá yẹn wá ńkọ́?"

"Ebi ló lé ajá padà wálé! Ajá gbọ́n jù wá lọ!"

Ọ̀kan nínú búrẹ́dì tí wọ́n jọ yan pẹ̀lú ti Oúnjẹ Olúwa wà nínú abọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ọmọ rẹ ló gbé e síbẹ̀ bóyá ó lè wù mí. Mo fi ọwọ́ bù ú, bí o ṣe máa ń ṣe. Mo na ìdajì sí onídìrí. Ó ní kò wu òun. Mo ní kò wu èmi náà, ká jọ jẹ ohun tí kò wù wá. Mo ní, "Jésù, bá wa gbé e mì." Àdúrà tó gùn jù tí mo gbà látìgbà tí o ti lọ nìyẹn. Ó fi sẹ́nu. Mo fi sẹ́nu. Mo rọra ń jẹ ẹ́. Mo fajú ro.

Ó tẹ́!

Ọmọ mi, ó tẹ́! Ahọ́n mi ló sọ fún mi! Òwú kì í tẹ́, oúnjẹ ló ń tẹ́. Mo pariwo sí ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ níwájú ilé: "Ìwọ ọmọ yìí! Ta ló po búrẹ́dì yìí? Kò níyọ̀!" Mo gbọ́ tí páànù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sáré wọlé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, fúláwà níwájú orí bíi tìrẹ, ó rí búrẹ́dì lẹ́nu mi, ó bú sẹ́kún. "Màmá àgbà, ẹ ti dájọ́. Ẹ ti dájọ́!" Onídìrí ń sunkún. Ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ń sunkún. Èmi náà wá sunkún wàyí. Mo sunkún rẹ, ọmọ mi, mo sunkún rẹ bó ṣe yẹ kí n ti sunkún rẹ láti ọjọ́ tí wọ́n gbé ọ jáde.

Má wá rò pé ibẹ̀ ló parí sí. Búrẹ́dì ẹnu kan kì í wo irú àìsàn yẹn. Ọkọ onídìrí fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé àwa méjèèjì lọ sí ọsibítù. Dókítà obìnrin kan tí ohùn rẹ̀ rọlẹ̀ bi mí ní ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò bi mí rí, ó jókòó, kò wo aago. Ó ní orúkọ rẹ̀ ni ìsoríkọ́, ó ní ó máa ń mú ọlọ́mọ tuntun, ó máa ń mú ẹni ọ̀fọ̀, ó máa ń mú ẹni tí nǹkan kan kò ṣe. Ó fún wa ní oògùn, ó ní ká máa padà wá bá òun sọ̀rọ̀. Mo bi í pé ṣé ìgbàgbọ́ mi ló kéré ni. Ó ní, "Màmá, nígbà tí ẹ lọ gba awò tó wà lójú yín yìí, ṣé ìgbàgbọ́ yín ló kéré?"

Ní ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀lé e, nígbà tí wọ́n ní kí àwọn tó bá ní ẹ̀rí jáde, mo di òpó mú, mo dìde. Olórí Àwọn Ìyá ti ń pariwo, "Ẹ dákẹ́! Ìyá Aláàwẹ̀ fẹ́ sọ̀rọ̀!" Mo ní, "N kò gbààwẹ̀. Ìsoríkọ́ ló mú mi. Ó ṣì mú mi bí mo ṣe dúró yìí. Mo ń lo oògùn, mo sì ń pe Jésù, n kò rí ohun tí àwọn méjèèjì máa torí rẹ̀ bá ara wọn jà. Bí ẹ bá rí ẹni tí kò jẹun, tí kò sọ̀rọ̀, ẹ má kọ́kọ́ yìn ín. Ẹ bi í. Ní ti búrẹ́dì tí kò níyọ̀, ọmọ ló gbàgbé."

Mo ń wo ilẹ̀. Ìgbà náà ni mo gbọ́ ohùn Olórí Àwọn Ìyá lẹ́yìn: "Mo sọ ọ́! Mo sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn pé búrẹ́dì yẹn tẹ́!" Ṣọ́ọ̀ṣì tú ká sí ẹ̀rín. Pásítọ̀ fi ìwé bojú, èjìká rẹ̀ ń mì.

Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, pásítọ̀ pa ìwàásù tó ti múra sílẹ̀ tì. Ó sọ ti wòlíì tó sá lọ sábẹ́ igi nínú aṣálẹ̀, tó ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun, ó ti sú òun. Ó ní ẹ wo ohun tí áńgẹ́lì ṣe. Kò wàásù fún un. Kò bá a wí. Ó yan àkàrà fún un lórí iná, ó gbé omi tì í, ó jẹ́ kó jẹun, ó jẹ́ kó tún sùn, ó tún jí i, ó tún bọ́ ọ. Ó ní bí ebi bá wọnú, ọ̀rọ̀ mìíràn kì í wọ̀ ọ́, áńgẹ́lì pàápàá mọ̀ ọ́n. Mo ti ń gbọ́ ìtàn yẹn láti kékeré, n kò mọ̀ rí pé oníbúrẹ́dì ni áńgẹ́lì ọ̀hún. Bíi tìrẹ!

Alàgbà kan wá bá mi lẹ́yìn ìsìn, ó ní onígbàgbọ́ kì í gbé ọ̀rọ̀ ọkàn lọ sí ọsibítù. Mo ní kó kọ́kọ́ bọ́ awò ojú rẹ̀ kó fi ìgbàgbọ́ wá ọ̀nà ilé rẹ̀.

Fúláwà mi, ó ṣì máa ń wá o. Àwọn àárọ̀ kan wà tí àpò fúláwà tí òjò pa yẹn ṣì ń jí lára mi. Ṣùgbọ́n n kì í dúró dè kí ọkàn mi kọ́kọ́ dìde mọ́. Ẹsẹ̀ ni mo ń kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀. Mo máa ń ní, "Olúwa." Bí ọ̀rọ̀ tó kàn kò bá wá, ẹyọ ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fi ń wẹ̀, òun ni mo fi ń wọṣọ, òun ni mo ń dì mú dé iwájú ààrò rẹ. Mo ti wá mọ̀ báyìí pé nígbà tí mo rò pé àdúrà mi gbẹ, àdúrà náà ni mò ń gbà. Orúkọ Rẹ̀ nìkan náà tó. Bí ìbànújẹ́ bá ní kí n jókòó, mo máa ń ní kó jókòó náà, ká jọ tọ́ búrẹ́dì wò. N kò ní í fi ẹnu mi sílẹ̀ fún un mọ́ láé. N kò ní í fi ọmọ rẹ sílẹ̀ fún un.

Àwọn ènìyàn ṣì ń wá bá mi. N kì í gbọ́wọ́ lé ẹnikẹ́ni lórí, búrẹ́dì gbígbóná ni mo ń gbé lé wọn lọ́wọ́, màá sì bi wọ́n. Ọmọ onídìrí, ọmọ tó ń ké tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, kò sí ẹni tó ń pariwo tó o ládùúgbò mọ́! Ó ń jí èèpo búrẹ́dì jẹ lẹ́yìn káńtà, Ìyá Kò-Níyọ̀ ló sì ń pè mí. Orúkọ yẹn dùn mọ́ mi ju Ìyá Aláàwẹ̀ lọ. Ìyá rẹ̀ ti padà sídìí irun, ìtàn ti padà sẹ́nu rẹ̀, àwọn oníbàárà rẹ̀ ti ń ráhùn pé kó máa fi wọ́n sílẹ̀ lọ.

A ṣì ń wá ọ, ọmọ mi. Aṣọ iṣẹ́ rẹ ṣì wà lára ìṣó, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ nu fúláwà ara rẹ̀. Bí ilẹ̀kùn bá dún láàárọ̀, mo ṣì máa ń gbójú sókè. Ìfẹ́ rẹ kò dín lọ́kàn mi bí orí abẹ́rẹ́. Sinmi lọ́dọ̀ Ẹni tí mo ń pè. Mo ń bọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe lónìí. Iṣẹ́ wà nílé.

Ọmọ rẹ ti gbé bírò sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ti bu àkọ́yọ tòní, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ó ti nà án sí mi: "Màmá àgbà, ẹ bá wa dájọ́." Mo ń jẹ ẹ́. Mo fajú ro. Jẹ́ kí àyà rẹ̀ já díẹ̀ ná.

Iyọ̀ rẹ̀ pé, Fúláwà mi. Mo ti ní kó gbé e jáde.